Bẹ́ ẹ ṣe lè fi fáànù àti fílítà mẹ́rin ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ inú yàrá

Ẹnì kan á wúkọ́ lónìí, kó tó dọ̀sẹ̀ gbogbo ilé ti ń wúkọ́, ẹ ti rí i rí àbí? Téèyàn bá wúkọ́, tó sọ̀rọ̀, tó kọrin, kódà tó kàn ń mí lásán, itọ́ wínníwínní ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Èyí tó tóbi á já bọ́ sílẹ̀ kíá, àmọ́ èyí tó kéré débi tójú ò fi lè rí i, ńṣe ló máa fò káàkiri yàrá bí èéfín sìgá, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀, bí kòrónà àti ikọ́ ife ṣe ń ràn nìyẹn. Tí fèrèsé bá ṣeé ṣí, ẹ ṣí i jàre. Ibi tí kò ti ṣeé ṣí ni àpótí tó ń fọ afẹ́fẹ́ tá a fẹ́ ṣe yìí ti wúlò.

Ọdún 2020 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Richard Corsi mú èrò yìí wá, Jim Rosenthal tó ń ṣe fílítà tà ló wá kàn án pọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Corsi-Rosenthal box.

Ẹ wá fáànù onígun mẹ́rin tó jẹ́ 20 íńṣì, èyí tó pẹlẹbẹ, fílítà mẹ́rin tó jẹ́ 20 íńṣì ní ìbú àti òró, tí wọ́n kọ MERV 13 sí lára (MERV ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fílítà ṣe lè mú nǹkan wínníwínní inú afẹ́fẹ́ tó), téépù tó nípọn, àti páálí tí fáànù yẹn wà nínú ẹ̀. Ẹ má ra èyí tí MERV ẹ̀ kéré sí 13 o. Àwọn kan máa ń sọ pé kòkòrò àrùn kéré ju ojú fílítà lọ, wọ́n rò pé asẹ́ ni fílítà. Kòkòrò yẹn kì í dá fò, inú itọ́ ló wà, fọ́nrán inú fílítà ló sì máa ń lẹ̀ mọ́.

Ẹ fi fílítà mẹ́rin ṣe ògiri, páálí á wà nísàlẹ̀, fáànù á wà lókè tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sókè, kí afẹ́fẹ́ yàrá lè máa gba inú fílítà wọlé, kẹ́ ẹ wá fi téépù dì í níbi gbogbo. Ẹ wo etí fílítà, wọ́n ya ọfà síbẹ̀, ọfà yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sínú àpótí. Èmi ò wò ó nígbà àkọ́kọ́, mo ti lo téépù tán kí n tó rí i pé ìta ni gbogbo ẹ̀ kọjú sí, bí mo ṣe ń ya téépù yẹn kúrò ló ń fa etí fílítà ya.

Ohun táwọn èèyàn máa ń fò rèé: onígun mẹ́rin ni fáànù, àmọ́ roboto ni ibi tí abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ ti ń yí, torí náà afẹ́fẹ́ tó ti jáde máa ń gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ́ padà wọlé. Ẹ gé páálí, ẹ lu ihò roboto tó fẹ̀ tó 15 íńṣì sí àárín ẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fáànù lókè. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ fa tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sí gbogbo ojú téépù, ibi tó bá ti fà á mọ́ra, ihò wà níbẹ̀, ẹ tún un dì.

Ẹ má gbé e mọ́ ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, yàrá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé àpótí yìí sí. CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 2023 pé ká gbìyànjú kí afẹ́fẹ́ mímọ́ yí yàrá ká tó ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, torí náà yàrá ńlá lè gbà ju ẹyọ kan lọ. Ariwo ẹ̀ ò kéré ṣá, ẹ fi sí nọ́ńbà kìíní dípò kẹ́ ẹ pa á, èyí tẹ́ ẹ pa ò fọ nǹkan kan.

Ẹ má fọn ìzáàlì tàbí oògùn apakòkòrò sára fílítà, ẹ má sì fi omi fọ̀ ọ́. Fáànù tí wáyà ẹ̀ ti já, ẹ má lò ó, ẹ sì pa á tẹ́ ẹ bá ń jáde. Tí fílítà bá ń dúdú, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn, bí oṣù mẹ́fà ni kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀, àfi tí èéfín bá pọ̀ ládùúgbò. Ìta ni kẹ́ ẹ ti tú u, kẹ́ ẹ sì wọ ìbòmú.