Bí mo ṣe fi ìrìn la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ nínú ẹsẹ̀ mi

Bí mo bá ti rìn díẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun mi ọ̀tún á le gbagidi. Bí mo bá dúró, á fi mí sílẹ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi ti apá pín in: 0.62. Bí kò bá ti tó 0.90, a jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ há níbì kan. Tèmi há nínú itan.

Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n pa sìgá tì, kí n sì máa rìn. Kì í ṣe ìrìn gbẹ̀fẹ́ o! Èèyàn á rìn títí ẹsẹ̀ á fi dùn ún dáadáa, á dúró kó rọlẹ̀, á tún gbéra: ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán.

Mo ní kí ló dé tí màá fi máa fẹsẹ̀ ara mi wá ìrora. Ó ní bí títì bá dí, ẹ̀bùrú ni ọkọ̀ ń gbà. Àwọn iṣan kéékèèké kan ti wà nínú itan tẹ́lẹ̀, tí wọ́n so òkè ibi tó há mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ á máa bèèrè ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya gba inú wọn, á máa ha ògiri wọn bó ṣe ń sáré kọjá. Híha yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́: ògiri á pe sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un mọ, á fẹ̀, á sì nípọn sí i. Àìtó ọ́síjìn náà máa ń mú kí iṣan tín-ín-rín hù, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ẹrù iṣan ńlá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọkàn. Bí iṣan rẹ̀ bá rọra ń dí, ti ẹ̀gbẹ́ lè ràn án lọ́wọ́. Bó bá dí lójijì, kò sáàyè. Nítorí náà, bí àyà bá ń dun èèyàn lẹ́nu ìrìn, kó dúró, kó wá dókítà.

Ní 1785, John Hunter, dókítà oníṣẹ́ abẹ, so iṣan ẹ̀jẹ̀ itan ọkùnrin kan pa ní London nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú bíi kókó lẹ́yìn orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì kú: ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀bùrú. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo àlàyé lọ.

Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n mí, 0.62 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ gòkè, àmọ́ mo ti ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Dókítà ní kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan, ẹran ẹsẹ̀ náà ti mọ bá a ṣe ń ṣọ́ ọ́síjìn ná.