Bí Ẹ Ṣe Lè Díwọ̀n Pàṣípààrọ̀ Ẹ̀tọ́ Yíyan Agbábọ́ọ̀lù Tuntun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòròdú tí ẹ máa ń jiyàn lórí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tán, ọjọ́ orí àwọn tí ẹgbẹ́ fẹ́ gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní 2013, Brooklyn Nets fi ẹ̀tọ́ láti yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele àkọ́kọ́ ti 2014, 2016 àti 2018, pẹ̀lú àǹfààní pàṣípààrọ̀ ti 2017 (kí Boston lè fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gba ti Brooklyn), sílẹ̀ fún Boston Celtics nítorí Kevin Garnett àti Paul Pierce tí ọjọ́ orí ti ń dé sí. Láti inú àwọn ẹ̀tọ́ yìí ni Boston ti rí Jaylen Brown àti Jayson Tatum, ohun tí ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹgbẹ́ tí kò tíì súnmọ́ ife ẹ̀yẹ gbọ́dọ̀ fi ààbò sí ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ náà lè padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá bọ́ sí ipò iwájú nínú ètò yíyan. Òfin kò sì gbà á láyè láti ta ẹ̀tọ́ yíyan ti ọdún tí ó ju ọdún méje lọ síwájú.