Dídá Oníbàárà Lóhùn Nígbà Ìsinmi: Àṣìṣe Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtajà Àti Ọ̀gá Wọn Máa Ń Ṣe

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà. Oníbàárà bá yín níbi tí ẹ ti ń sinmi, ó ní kí ẹ bá òun wá ọjà kan. Ṣé kí ẹ dìde ni, àbí kí ẹ jókòó síbi tí ẹ wà? Àwọn kan á ní oníbàárà lọba, kí ẹ dìde. Àwọn mìíràn á ní ìsinmi ni ìsinmi ń jẹ́, kí ẹ má tiẹ̀ wojú rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣìnà, torí wọ́n da ohun méjì pọ̀: dídá èèyàn lóhùn, àti ṣíṣe iṣẹ́ fún un. Kò sí ìgbà tí kò yẹ ká dá ẹni tó bi wá léèrè lóhùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ín.

Ìrànlọ́wọ́ tí a ní kò ní pẹ́

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń jẹ àkókò jù. Oníbàárà béèrè ibi tí ọjà kan wà. Dípò kí ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ dìde, ẹ mú un débẹ̀. Ẹ débẹ̀ tán, ìwọ̀n tó ń wá kò sí lórí pẹpẹ, ó wá ní ṣé kò sí òmíràn nínú yàrá ìkẹ́rù. Ẹ wọ yàrá ìkẹ́rù lọ. Kí ẹ tó jáde, ó ti rí nǹkan mìíràn tó wù ú, ó sì fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ ṣe ń ṣàlàyé, ẹlòmíràn ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, torí ó rí i pé òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń dá èèyàn lóhùn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún ẹni kejì yìí pé ẹ wà ní bíréèkì, nígbà tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí ẹ bá fi máa padà sídìí oúnjẹ yín, àkókò ti tán.

Ìgbà tí ẹ dìde ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ẹnu júwe, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. “Ìlà kẹta, lọ́wọ́ òsì yín, lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀” kò mú nǹkan kan kúrò nínú ìsinmi ẹnikẹ́ni. Bí ìbéèrè bá ti ju èyí tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn lọ, irú bí ọjà tí wọ́n fẹ́ dá padà, iye owó tí kò bá ti ara ọjà mu, tàbí ohun tí ẹ máa ní láti lọ wò nínú kọ̀ǹpútà, ó ti di iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ júwe ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún un.

Bí ẹnì kan bá ní ìwà ọ̀dájú nìyẹn, kó ro ti oníbàárà náà wò. Ẹni tó ń sinmi lè ti fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rù sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè má ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo iye ọjà tó kù, ọkàn rẹ̀ sì wà lára aago. Ìrànlọ́wọ́ aláàbọ̀ ló máa rí ṣe. Ẹni tó wà nídìí káúńtà, tí gbogbo ohun èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀, á parí ọ̀rọ̀ náà láìpẹ́.

Iṣẹ́ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀

Ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀rọ tó ń ka aago iṣẹ́ tàbí fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó lọ sinmi, iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò sí lójú ìwé. Àwọn tí wọn kì í sanwó fún ìsinmi oúnjẹ wọn ni èyí ń dùn jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò sọ ọ́ di dandan pé kí agbanisíṣẹ́ fún àgbàlagbà ní ìsinmi rárá, àwọn ìpínlẹ̀ kan ló ní òfin tiwọn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún un, ìsinmi kúkúrú tó wà láàárín ìṣẹ́jú 5 sí bíi 20, àkókò iṣẹ́ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Ìsinmi oúnjẹ, tó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n lè má sanwó fún, ìyẹn náà bí òṣìṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ pátápátá ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan jẹun tó ń fi ọwọ́ kejì júwe ọjà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Òfin náà tún ní iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n ń ṣe, tí kò sì dá a dúró, owó rẹ̀ wà lọ́rùn òun, kódà bí kò bá jẹ́ òun ló rán wọn.

Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ fi máa ń bá òṣìṣẹ́ wí nítorí pé ó ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ó máa ń ya onítọ̀hún lẹ́nu, ó rò pé oore lòun ń ṣe, àṣé ó ń ti ọ̀gá rẹ̀ sínú gbèsè owó iṣẹ́ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Èyí tó wá léwu jù ni kí ẹ fi kóòdù ẹlẹgbẹ́ yín ṣí ẹ̀rọ ìgbowó, torí pé ẹ ti jáde kúrò lórí tiyín, tí ẹ kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ oníbàárà kan kó lè tètè lọ. Bí owó bá dín nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò lálẹ́, orúkọ ta ni wọ́n máa bá níbẹ̀? Ẹ má dán an wò, bó ti wù kí ìlà gùn tó.

Báàjì lọ́rùn, ìbínú lójú

Oníbàárà kò mọ aago tí ẹ lọ sinmi. Ohun tó rí ni yunifọ́ọ̀mù àti báàjì tó gbé orúkọ yín, nítorí kó lè mọ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ṣe fi í kọ́ yín lọ́rùn. Ẹni tó jókòó sí àárín ilé ìtajà pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀nyí lára, tó wá ń bínú pé wọn kò jẹ́ kóun sinmi, ara rẹ̀ ló yẹ kó bínú sí. Ẹ yọ báàjì. Ẹ wọ ẹ̀wù mìíràn lé aṣọ iṣẹ́ bí wọ́n bá gbà á láyè, kí ẹ sì kúrò níbi tí ọjà wà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1998 lórí àkókò iṣẹ́ tiẹ̀ là á sílẹ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bá ju wákàtí 6 lọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, láìsí ìdílọ́wọ́, ó sì lè kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ lò ó níbòmíràn. (Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan fún ara yín nínú ilé ìtajà yín nígbà ìsinmi, ẹ bọ́ báàjì náà kí ẹ tó wọ ìlà. Àìmọye èèyàn ni kì í rántí ìyẹn.)

Ohun tí ẹnu ń bàjẹ́

“Mo wà ní bíréèkì.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ohun tí oníbàárà gbọ́ ni pé ọ̀ràn òun kò kàn yín. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò, ohùn líle ló ń yọ ọfà lápó. Ẹ fi ibi tó máa lọ kún un: “Ẹ má bínú, mà, ìsinmi ni mo wà báyìí. Ẹni tó wà nídìí káúńtà yẹn á bá yín ṣe é.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á ṣe bíi pé ohun tí wọ́n fi sétí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àwọn kan á ní àwọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nígbà tí orúkọ ilé ìtajà wà láyà wọn. Irọ́ yìí kì í pẹ́ tú, torí oníbàárà kan náà lè bá yín nídìí káúńtà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Àṣìṣe kan tún wà tí èèyàn kì í ka sí àṣìṣe: ẹ̀bẹ̀ àbẹ̀jù. Bí ẹ bá tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ń ṣàlàyé pé ẹ kò tíì jẹun láti àárọ̀ àti pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún yín, ẹ ti sọ ọ́ di ìdúnàádúrà. Oníbàárà á ní, “Ó dáa, kò ní pẹ́ ni.”

Oníbàárà tó mọ orúkọ yín

Ti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí rọrùn ju ti èyí lọ. Oníbàárà ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin nìkan ló mọ ohun tó ń rà, ó sì wá kó sí ìgbà tí ẹ ń sinmi. Bí owó kọ̀míṣọ̀n bá tún wà lórí ọjà náà, ẹ̀rù á máa bà yín pé bí ẹ bá fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, èrè yín ti lọ nìyẹn. Mi ò ní sọ pé kí ẹ pàdánù owó yín. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ máa fi ìsinmi yín ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ ti bá ẹlẹgbẹ́ yín ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ lórí bí ẹ ó ṣe máa pín irú owó bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá sì mọ̀ sí i. Tàbí kí ẹ sọ fún oníbàárà náà aago tí ẹ máa padà, kó yàn bóyá òun á dúró. Tàbí kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ẹ tẹ ẹ̀rọ padà wọlé, kí ẹ ta ọjà náà, kí ẹ sì lo ìsinmi yín lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìgbà tí kò sí bíréèkì

Bí èèyàn bá ṣubú lulẹ̀, bí ọmọdé bá sọnù, bí èéfín bá ń rú, bí ohun olómi bá dà sílẹ̀ níbi tí arúgbó ń gbà kọjá, ẹ dìde. Ẹ pe ẹni tó yẹ, ẹ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Ìsinmi tó kù, ó yẹ kí wọ́n dá a padà fún yín. Ẹni tó wá ń fi àwọn àpẹẹrẹ yìí ṣe ẹ̀rí pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ dìde fún gbogbo ìbéèrè ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bàtà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí lórí pẹpẹ kì í ṣe jàǹbá.

Àṣìṣe tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá

“Jókòó síbí, máa jẹun. Bí oníbàárà bá wọlé, kí o dìde dá a lóhùn.” Ọ̀gá tó sọ báyìí kò fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi. Ó kàn gba òṣìṣẹ́ láyè láti máa jẹun lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1930 ni àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ti kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìṣòwò àti ọ́fíìsì pé àkókò iṣẹ́ ni gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà lábẹ́ àṣẹ agbanisíṣẹ́, pé ìsinmi sì ni ìgbà tí kò bá sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ panápaná kan ní Prague, olú ìlú orílẹ̀-èdè Czech. Ìsinmi ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n ń fún un láti jẹun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní sẹpẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 2. Ilé ẹjọ́ ní bí ìdè bẹ́ẹ̀ bá há òṣìṣẹ́ mọ́ gidigidi débi tí kò lè lo àkókò náà bó ṣe wù ú, àkókò iṣẹ́ ni. Ní California, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní 2016, nínú ẹjọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n má pa ẹ̀rọ ìpè wọn nígbà ìsinmi. Panápaná àti ẹ̀ṣọ́ kì í ta ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń jẹun tí ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ló fi yàtọ̀ sí wọn?

Ọ̀gá mìíràn á ní, “Ọjà dá láàárọ̀, ẹ jókòó fún wákàtí kan gbáko, ìsinmi yín nìyẹn.” Rárá o. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá irú ẹjọ́ yìí ní 2004: òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìsinmi ni òun wà, kó sì lè lo àkókò náà bó ṣe fẹ́. Ọ̀gá kò lè wo ẹ̀yìn padà kó wá sọ àìsí oníbàárà di ìsinmi.

Bí òṣìṣẹ́ kò bá pọ̀, ètò ló yẹ kí ọ̀gá ṣe. Kó kọ aago ìsinmi kálukú sílẹ̀ kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ sí ìgbà tí èrò máa ń pọ̀ jù. Pípín in sí méjì ṣeé ṣe níbi tí òfin bá ti gbà á. Ní Jámánì, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ ní ìṣẹ́jú 30, ẹni tó bá ju 9 lọ ní 45, wọ́n sì lè pín in, bí ìpín kọ̀ọ̀kan kò bá ti dín sí ìṣẹ́jú 15. Níbi tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró nídìí káúńtà, tàbí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé aago báyìí la máa ṣí. Àwọn ọ̀gá máa ń bẹ̀rù ìwé yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Oníbàárà tó rí aago kan pàtó á padà wá. Èyí tó wọlé tó bá òṣìṣẹ́ tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀ lè má padà.

Bí wọ́n bá ti dá ìsinmi yín dúró

Àṣìṣe tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ máa rù ú sínú títí yóò fi di ìjà. Bí wọ́n bá pè yín padà kí àkókò tó pé, ẹ kọ aago tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, aago tí wọ́n pè yín, àti ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an: “Ọ̀gá, ìṣẹ́jú 10 ni mo lò kí ẹ tó pè mí, ṣé mo lè lo èyí tó kù ní aago mẹ́ta?” Bí ọ̀gá bá kọ̀, kí ẹ ní kí ó tún àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ṣe, kó lè hàn níbẹ̀ pé iṣẹ́ lẹ fi àkókò yẹn ṣe. Ẹ má sì ju ìwé tí ẹ kọ náà nù títí wọ́n á fi san owó oṣù.