Bí a ṣe kọ ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ fún àpótí ìwé ìlú wa ní Ìjùmú

Àpótí páànù 3 ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Inú wọn ni ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wà, láti ọdún 1946 títí di ọdún 1979, pẹ̀lú lẹ́tà tí àwọn bàbá wa kọ sí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Kàbà àti èsì tí ó fún wọn, ìwé ẹ̀rí owó orí, àwọn fọ́tò tí igun wọn ti ń ká, àti kásẹ́ẹ̀tì 24 tí àwọn àgbà sọ ìtàn ìlú sínú wọn kí wọ́n tó lọ. Abẹ́ ibùsùn Màmá kan, opó akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ìgbà náà, ni àwọn àpótí yìí wà láti ìgbà tí ọkọ wọn ti papò dà, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ewé kan ya nínú wọn láti fi di ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n nígbà òjò èṣí, a rí i pé ìsàlẹ̀ àpótí kan ti dógùn-ún, ikán ti gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ti jẹ ìwé ìpàdé ọdún 1951 láti ẹ̀yìn dé àárín. Ẹgbẹ́ wá ní kí n lọ wá owó ìrànwọ́. Oṣù 5 ni iṣẹ́ náà gbà mí, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní Yàgbà, ní Owé, ní Bùnú àti ní Owórò, àwọn ará Ọ̀kun bíi tiwa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ: òjò ń jò, ikán ń jẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣàánú wa. Nígbà tí mo ka ìlànà àwọn tó ń fúnni lówó dáadáa, mo fà á ya. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ni ó wà níbẹ̀, mélòó ni, ta ló ni ín, kí ló dé tí kò fi sí irú rẹ̀ níbòmíràn, àti ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí owó bá tán. Mi ò lè dáhùn ẹyọ kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí lọ́jọ́ náà.

Ètò 2 ni mo gbé yẹ̀ wò. Èyí tó wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, tí wọ́n ń pè ní Endangered Archives Programme, ìwé tó ti pẹ́, tó ti wà kí ọ̀rúndún 20 tó dé ìdajì, ni ó kà sí jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni tiwa tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni Modern Endangered Archives Program ní Yunifásítì California tó wà ní Los Angeles, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Ìwé àti ohùn tó sún mọ́ ìgbà tiwa ni ó wà fún, ó sì ní owó ìmúrasílẹ̀ kékeré, tí kò ju dọ́là 15,000 lọ nígbà tí mo kà á, fún àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Èyí bá wa mu. Arákùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa fẹ́ kí a fi aṣọ ìpo tó wà nílé wọn kún un, aṣọ pupa tí a mọ àwọn ará Bùnú mọ́. Aṣọ náà níye lórí gan-an, ṣùgbọ́n owó ìwé àti ohùn ni èyí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Kíka iye ewé ni iṣẹ́ tó le jù. A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ìlú, a wẹ ọwọ́, a nù ún gbẹ, a sì ka àpótí kan ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ewé 1,870 ni a bá nínú rẹ̀, nígbà tí a sì tò wọ́n lé ara wọn, gíga wọn jẹ́ sẹ̀ntímítà 34, èyí túmọ̀ sí ewé 55 nínú sẹ̀ntímítà kan. Ewé 100 ìwé tuntun ni ó máa ń wà nínú sẹ̀ntímítà kan, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti mú tiwa wú. Ìwé inú àpótí 2 yòókù jẹ́ sẹ̀ntímítà 56 lápapọ̀, a sì fojú bù ú sí ewé 3,080. Nítorí pé a kọ nǹkan sí ojú méjèèjì ọ̀pọ̀ wọn, a kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé a ó ya àwòrán bí 9,000. A rí lẹ́tà kan tí wọ́n fi píìnì gún mọ́ ìwé owó orí. Píìnì náà ti yọ́ tán, àmì rẹ̀ nìkan ló kù bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lórí ìwé méjèèjì, a kò sì lè yà wọ́n láì ṣe é lábùkù. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí pé kí ló dé tí tiwa fi ṣe pàtàkì, mo lọ sí Kàdúná, níbi tí Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ ti ń tọ́jú fáìlì ẹkùn Kàbà àtijọ́. A ti wà lábẹ́ Àríwá, a wà lábẹ́ Kwara láti ọdún 1967, Kogi wá dé ní ọdún 1991, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ìwé wa fọ́n ká. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa bá ara wọn sọ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà, bí wọ́n ṣe dá owó jọ kọ́lé ìwé, ẹni tó takò àti ìdí tó fi takò, abẹ́ ibùsùn Màmá nìkan ló wà. Mo fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè wa.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda wá kù. Ètò náà ń fẹ́ kí gbogbo ayé lè rí àwòrán wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, ìwé ìpàdé wa sì kún fún ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ láàárín ìdílé 2 tí ọmọ wọn ṣì ń gbé ìlú. Nígbà tí mo mú un dé iwájú Ọba àti àwọn ìjòyè, tí mo dọ̀bálẹ̀, tí mo kí wọn pé ọ̀kun o, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ gbé ìjà àná jáde. Ìpàdé 3 ni a ṣe. Ní ìkẹyìn, a fohùn ṣọ̀kan pé a ó ya gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé tó bá dárúkọ ilẹ̀ ìdílé kan kò ní hàn síta láìsí ìbuwọ́lù ìdílé náà, a sì sọ èyí gbangba nínú fọ́ọ̀mù. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí owó ìrànwọ́ da ìlú rú.

Màmá ní ìbéèrè tiwọn: “Ṣé ẹ ó gbé e lọ ni, ọmọ mi?” Mo ní, “Rárá o, Màmá. Àwòrán ló ń lọ, ìwé fúnra rẹ̀ kò ní kúrò nílùú.” Ìlànà ètò náà gan-an ni pé ojúlówó ìwé kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n wá ní kí n kọ orúkọ ọkọ wọn síbẹ̀, pé òun ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́, mo kà á sókè fún wọn, wọ́n ní kí n tún un kà.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kámẹ́rà kan pẹ̀lú ìdúró rẹ̀, iná 2, sọ́là àti bátìrì nítorí iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí a ó fi gba ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì, àti owó iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ 2. A ṣírò pé àwòrán kan yóò tó mẹ́gábáìtì 40, tí 9,000 yóò fi jẹ́ gígábáìtì 360, nítorí náà a béèrè háàdì-dísìkì 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ tẹ́rábáìtì kan: ọ̀kan fún ìlú, ọ̀kan fún ilé ìkàwé ní Lọ́kọ́ja, ọ̀kan fún àwọn tó fúnni lówó. Dọ́là ni mo fi kọ iye gbogbo rẹ̀, mo sì so ìwé iye ọjà láti ọwọ́ oníṣòwò 2 mọ́ ọn, nítorí náírà kì í dúró lójú kan.

Kàbà ni mo ti fi í ránṣẹ́, ní agogo 5 ìdájí, nítorí nẹ́tíwọ̀kì máa ń dára nígbà náà. Ìpele 2 ni ó ní, èsì ti àkọ́kọ́ kò sì tíì dé. Ní báyìí, àwọn àpótí ti kúrò nílẹ̀, wọ́n wà lórí pákó nínú yàrá tí a ti palẹ̀ ikán mọ́ nínú rẹ̀, Màmá sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nínú ọyẹ́ yìí, a ń ṣí wọn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn, a sì ń ka ìwé ìpàdé sókè, a ń kọ orúkọ àti ọjọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. A ti dé ọdún 1957.