Bí tọkọtaya Èkó ṣe lè fi gígun òkè ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wọn

Èkó kò ní òkè. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkòyí, láti Yábàá dé Àgége, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, omi ló sì yí wa ká. Ibi tó ga jù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹsẹ̀ gùn láàárín ọ̀sẹ̀ ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú òpópónà Ìkòròdú. Bí tọkọtaya bá wá sọ pé òkè làwọn fẹ́ lọ gùn lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún, ohun tí ẹbí máa kọ́kọ́ rò ni pé òkè àdúrà ni.

Mo fara mọ́ irú àjọyọ̀ yìí gan-an. Nínú gbọ̀ngàn tí a háyà, àlejò ló ń jẹun, tọkọtaya ló ń sá sókè sá sódò: ọkọ ń wá ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, ìyàwó ń ṣọ́ kúlà ìrẹsì kí wọ́n má bàa gbé e gba ẹ̀yìn jáde. Ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó rójú ara wọn. Lórí òkè, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ pọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó gbọ̀ngàn. Àmọ́ ó gba ètò. Ẹni tó bá kàn jí lọ́jọ́ náà tó ní òun ń lọ gun òkè máa pa dà wálé pẹ̀lú ìjà.

Ẹ mú òkè tí agbára yín ká

Òfin kan wà tí kò ṣeé fi ṣeré: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa yan òkè. Bí orúnkún bá ń dun ìyàwó, tí ọkọ sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé, òkè tí orúnkún ìyàwó gbà ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ọkọ ló sanra, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ilé ń mú un mí gúlegúle, kó má tìtorí ọkùnrin ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ló sún mọ́ wa jù. Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Abẹ́ rẹ̀ làwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí lásìkò ogun, nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830. Wọ́n ti kọ́ àtẹ̀gùn sí i, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé ẹ̀rọ. Bí ẹsẹ̀ yín bá le, ẹ má gba orí àtẹ̀gùn tuntun nìkan. Ẹ ní kí amọ̀nà mú yín gba àárín àpáta, níbi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ máa fẹ̀gbẹ́ rìn, tí ẹni tó ṣíwájú á sì na ọwọ́ sẹ́yìn sí ẹnì kejì. Tọkọtaya tó ń gun òkè fún ìgbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Adó-Àwáyè wà lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 lẹ máa kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà ẹ ó bọ́ sórí àpáta gbalasa. Adágún omi Ìyàkẹ wà lókè níbẹ̀. Irú adágún bẹ́ẹ̀, tó jókòó sórí àpáta tó ga tó báyìí, kò wọ́pọ̀ láyé.

Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni olórí wọn lójú tèmi. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Orí òkè yẹn gan-an làwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀; ọdún 1923 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, kí wọ́n lè kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Nígbà tẹ́ ẹ bá dúró láàárín àgbàlá ààfin yẹn, tẹ́ ẹ rántí pé àwọn ìyàwó ń pọn ọmọ, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n sì ń gun ibi tẹ́ ẹ̀yin gùn pẹ̀lú bàtà kánfáàsì, ojú tẹ́ ẹ fi ń wo ìgbéyàwó á yàtọ̀. Àmọ́ ẹ má lọ láìmúra ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Omi Olúmirìn tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà náà dára, ìpele méje ló ní, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà rẹ̀ ń yọ̀ gan-an bó ṣe ń ga sí i.

Èkó ni kí ẹ ti kọ́ ẹsẹ̀ yín

Ó kéré tán, ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀. Aláboyún lè ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àtẹ̀gùn. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ ti máa ń sá fún ti di ọ̀rẹ́ yín: ẹ gùn ún, ẹ sọ̀, ẹ tún un gùn. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ọlọ́jà tó tẹ́ igbá sórí rẹ̀. Àwọn ará Súrùlérè mọ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe eré ìdárayá ní òwúrọ̀. Ẹni tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta kò ní láti jáde rárá. Bẹ́ ẹ bá ti ń gùn ún láìdúró fún ìṣẹ́jú 20, tẹ́ ẹ sì ń lè bára yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, Olúmọ ti tó yín gùn. Kẹ́ ẹ tó ronú kan Ìdànrè, ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe é fún ìṣẹ́jú 45, kí báàgì sì wà lẹ́yìn yín.

Gíga máa ń dẹ́rù ba àwọn kan tí wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n á fi dókè. Ẹ lọ dán an wò ní ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹ́kkí. Afárá ìrìn tó wà láàárín orí igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ojú ọ̀kan nínú yín bá yí lórí rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé amọ̀nà gbọ́dọ̀ sún mọ́ onítọ̀hún lórí àpáta.

Ẹ má jẹ́ kí déètì di dandan

Bí ọjọ́ ìgbéyàwó yín bá bọ́ sí Okúdù tàbí Ọ̀wẹwẹ̀, ẹ sún un síwájú. Àpáta tí òjò pa ń yọ̀, mànàmáná kò sì mọ ọjọ́ àjọyọ̀. Oṣù Bélú sí Ẹrẹ́nà ló dára jù. Àwọn tó ṣègbéyàwó ní Ọ̀pẹ, tí wọ́n sì pọ̀ ní Èkó, ti ríre. Ohun kan ṣá: ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run débi pé ẹ ò ní rí ìlú nísàlẹ̀. Òtútù ọyẹ́ yẹn náà ló ń jẹ́ kí gígun rọrùn, nítorí náà n kò kà á sí àdánù. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kí ẹ má bàa to ìlà lórí àtẹ̀gùn. Ẹ fa àwọn ọmọ lé ìyá àgbà tàbí àǹtí kan lọ́wọ́. Ọmọ tó bá bá yín lọ ló máa ni ọjọ́ náà.

Ohun tó máa wà nínú báàgì

Bàtà ló ṣe pàtàkì jù. Kí ó jẹ́ kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ìlà jínjìn, tí ẹsẹ̀ yín sì ti mọ̀ dáadáa. Bàtà tuntun máa bó yín lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ààbọ̀ ọ̀nà. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, torí bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ló máa ń kan iwájú bàtà, èékánná gígùn á sì dúdú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ tún okùn bàtà so, kí ó le lápá ọrùn ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ síwájú.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú lítà kan, ẹ lè po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ gé orí wọn pẹrẹsẹ. Òun lẹ máa mu bí òógùn bá ti pọ̀. Ní ti oúnjẹ, ẹ mú ohun tí kì í tètè bàjẹ́: ẹ̀pà, àádùn, dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ má gbé jọ́lọ́ọ̀fù. Fìlà, tọ́ọ̀ṣì, oògùn yín, owó lọ́wọ́ fún ẹnu ọ̀nà àti amọ̀nà, àti ìró ìyàwó kan tẹ́ ẹ máa tẹ́ jókòó.

Ọ̀nà

Fún Olúmọ, ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀. Ó ń gbéra ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Àgége náà, ẹ ó sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́, ẹ sì wo àkókò ìpadàbọ̀ dáadáa. Láti ibẹ̀, takisí lẹ máa wọ̀ dé ìdí àpáta.

Fún Ìdànrè, ẹ má gbìyànjú àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ gba Ṣàgámù, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, kí ẹ dé nígbà tí oòrùn ṣì wà, kí ẹ sùn ní Ìdànrè tàbí Àkúrẹ́. Ẹ má rìnrìn àjò lóru. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa pè, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lókè.

Gígun rẹ̀ gan-an

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ tàbí bí wọ́n bá ti ṣí ẹnu ọ̀nà. Ẹ sanwó, ẹ mú amọ̀nà ọmọ ìlú, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ó mọ ibi tí kò yẹ kí àlejò tẹ̀, ó sì mọ ojúbọ tí a kì í ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹni tí kò yára ni kó ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló máa ń ṣáájú, wọ́n á lọ dúró sókè bí ìyàwó ṣe ń rọ́ bọ̀. Bó bá sì ti dé báyìí, ọkọ tó ti sinmi tán á ní kí wọ́n máa lọ. Ìyàwó kò ní sinmi rárá, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Bí ẹni tí kò yára bá wà níwájú, ìṣísẹ̀ tirẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì máa rìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já mọ́ yín lẹ́nu nítorí èémí, ẹ ti ń yára jù.

"Bàbá Dámi, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀." Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, ẹ jókòó. Ẹ má béèrè ìdí. Òùngbẹ kò gbọ́dọ̀ gbẹ yín kẹ́ ẹ tó mu omi.

Lórí àpáta tó dagun, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lélẹ̀. Ẹ má fi ọmọnìka rìn, torí bí rọ́bà bá ṣe kan àpáta tó ló ṣe máa dì í mú tó. Ẹ wo àwọ̀ àpáta pẹ̀lú. Ibi tó dúdú gbọọrọ láti òkè wá sísàlẹ̀, ojú omi ni. Bó bá gbẹ, ó ṣeé tẹ̀. Bó bá tutù, ẹ yà fún un. Ní Ìdànrè, ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí ẹ máa tẹ ojú omi: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tó jẹ́ pé òkè yẹn nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n láyé, ojú àpáta tútù bẹ́ẹ̀ sì làwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà.

Bẹ́ ẹ bá dókè, ẹ pa fóònù lẹ́yìn fọ́tò díẹ̀. Ẹ tẹ́ ìró yẹn. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ọ̀rọ̀ owó ilé, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀dùn ọkàn nípa àna dúró sísàlẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ti là kọjá pọ̀, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tí ẹnì kejì ṣe lọ́dún tó kọjá tí òun kò tíì dúpẹ́ rẹ̀. Ó máa ń yani lẹ́nu bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ilé kan.

Sísọ̀ kalẹ̀

Ibi tí ènìyàn ti ń fara pa jù nìyí, nítorí ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ọkàn sì ti wà nílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kí oòrùn tó mú jù tàbí kó tó pẹ́ jù. Níbí, ẹni tó lágbára ló máa ṣíwájú, kí ó wà nísàlẹ̀ ẹnì kejì. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀ níbi tó bá ga, ẹ má sáré rárá. Gbogbo ọ̀rá àti ìgò omi ni kí ẹ kó sọ̀.

Bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta lẹ wà, Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, kò jìnnà sí Olúmọ. Ẹ yan àdìrẹ kan tẹ́ ẹ máa rán ní àǹkó. Bó bá jẹ́ Adó-Àwáyè, aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn ni kí ẹ béèrè. Lálẹ́, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀kan bá èkejì fọwọ́ ra iṣan ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì ni itan máa dun yín jù, àtẹ̀gùn ọ́fíìsì á sì le ju Ìdànrè lọ, nítorí náà ẹ ti gba ìsinmi ọjọ́ yẹn mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀.