Ìdánwò Ìṣẹ́jú 90 Tó Gba Ọjọ́ 34 Lọ́wọ́ Mi

Ìṣẹ́jú 22 ló kù kí àsìkò ìdánwò mi tán nígbà tí wọ́n mú iná. Yàrá mi ní Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo wà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì ló ń wá ẹni tí yóò máa kọ sọ́fítíwia fún wọn láti ilé, àwọn ló ní kí n ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú 90 náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ráótà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá kú, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣọ́ mi já, ojú ìwé ìdánwò náà ò sì mira mọ́. Kí n tó tan dátà fóònù, kí n tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ti tì í. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kúrò lójú kámẹ́rà, pé íntánẹ́ẹ̀tì mi sì yí padà láàárín ìdánwò. Wọ́n fi mí sára àwọn tó ń jíwèé wò. Èmi tí mi ò jíwèé wò rí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde ní LAUTECH!

Ti CV kíkọ àti ìpè àkọ́kọ́, mi ò ní fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó dùn mí jù ni ìbéèrè kẹta. Wọ́n to nọ́ńbà 100,000 sílẹ̀, wọ́n ní kí a sọ iye ìgbà tí àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ parapọ̀ jẹ́ iye kan pàtó. Ẹni tó bá gbé e lọ́nà tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, kóòdù rẹ̀ á ṣe ìṣirò bí bílíọ̀nù 5, àsìkò á sì tán mọ́ ọn lórí. Ẹ rò ó bí ìwé alájọ. Bí alájọ bá ń kọ àròpọ̀ owó tó ti wọlé sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì fẹ́ mọ àwọn ọjọ́ tó tẹ̀léra tó mú 5,000 náírà wá, kò ní máa tún owó kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò yọ àròpọ̀ tó kọ ní ọjọ́ kan tó ti kọjá kúrò nínú ti òní ni, kó wò ó bóyá 5,000 ló kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe é: mo kó àwọn àròpọ̀ náà sínú hash map, ìyẹn àkójọ tí kọ̀ǹpútà ti lè rí nǹkan kíákíá láìwá a káàkiri, mo sì gba orí nọ́ńbà wọ̀nyẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti tẹ Run láti dán kóòdù wò, gbogbo àpẹẹrẹ ti yọ àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé mo gbà wọ́n. Submit, tí a fi ń fi ìdáhùn ránṣẹ́, ni mo fẹ́ tẹ̀ tí iná fi lọ.

Mo kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tó ni ojú ìwé ìdánwò ní kí n lọ bá ilé-iṣẹ́ tó pè mí. Ilé-iṣẹ́ ní kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ojú ìwé ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan wá dáhùn, ó ní àwọn kì í tún ìdánwò ṣe kí oṣù 6 tó pé. Mo tún kọ̀wé. Ó tún tó ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó fèsì, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé iná lọ lóòótọ́.

Ẹ̀rí! Ta ló ń fúnni níwèé ẹ̀rí iná ní Ògbómọ̀ṣọ́? Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tákíè ló yọ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí nǹkan bàjẹ́ ni mo ti lọ fẹjọ́ sùn ún, ó sì ní, "Jókòó ná, kọ̀ǹpútà ẹ mọ ìgbà tí iná lọ." Lórí Windows, ó ní kí n ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń kọ̀wé pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí n kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀. Ìwé kan jáde tó fi wákàtí àti ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà kúrò lórí iná bọ́ sórí bátìrì hàn. Ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn nìkan ló máa ń kọ kíkún báyẹn, nítorí náà, ká ní mo dúró dìgbà tí wọ́n béèrè ẹ̀rí ni, ì bá ti pòórá. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá kí wọ́n tó ní, "Ó dáa, ẹ tún un ṣe."

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ ní iwájú ilé wa ni mo ti tún un ṣe, nítorí jẹnẹrétọ̀ wọn. Mo ra epo lítà 5, mo ra dátà tuntun, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2025 tí ìjọba ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, dátà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ìyá Aránṣọ pa áyọ́ọ̀nù wọn kí iná má baà máa lọ sókè sódò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fọkàn sí i, aṣọ ò ní sá lọ." Aago mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n aago Jámánì nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí kan ni wọ́n fi ṣáájú wa, torí náà aago méjì ni mo jókòó.

Ìbéèrè tuntun ni gbogbo rẹ̀. Mo yanjú wọn pátá, ìṣẹ́jú 19 ṣẹ́ kù. Inú mi dùn sí ìyẹn títí dòní. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó tẹ̀lé e kò ju wákàtí kan lọ, wọ́n sì gbà mí.

Bó bá ṣe pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti béèrè kí n tó bẹ̀rẹ̀ bóyá aago ń dúró bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Dátà fóònù ni ǹ bá lò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ráótà kò ní bátìrì. Ǹ bá sì máa tẹ Submit ní gbàrà tí kóòdù bá ti ṣiṣẹ́, kí n tó máa tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo bi ọ̀gá mi ìdí tí aago ìdánwò wọn kò fi lè dúró fún ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun á béèrè. Oṣù kẹta rèé, mo ṣì ń bi í.