Yàrà ìdánrawò àwọn sójà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí wíwo àwòrán òfurufú

Bẹ́ ẹ bá ń wá yàrà tí àwọn sójà gbẹ́ láti fi dánra wò nínú àwòrán tí wọ́n yà látinú ọkọ̀ òfurufú, àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kéèyàn gbé àwòrán sílẹ̀ láìwo ibi tí òjìji dorí kọ. Ojú wa ti gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wá. Ní Bìrìtéènì, ìhà gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án. Bí ẹ bá kọjú àríwá sókè bíi ti máàpù, yàrà á dà bí òkìtì, òkìtì á sì dà bíi kòtò. Ẹ yí i títí òjìji yóò fi máa ṣubú sọ́dọ̀ yín. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ wá igi kan. Òjìji igi máa ń nà kúrò níhà oòrùn, ti yàrà sì máa ń wà nínú yàrà gan-an, lẹ́bàá ògiri tó sún mọ́ oòrùn.

Ẹ má pe gbogbo ilà wọ́gọwọ̀gọ ní yàrà ogun. Yàrà iwájú ìgbà ogun 1914 sí 1918 rí bí eyín ayùn onígun mẹ́rin: ibi ìyìnbọn kan, ìdì ilẹ̀ tí wọn ò gbẹ́, ibi ìyìnbọn mìíràn. Ìdì ilẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọta tó bú níbì kan pa àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yàrà tí wọ́n ń gbà lọ sẹ́yìn ló máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ. Bí ẹ bá rí wọ́gọwọ̀gọ nìkan láìsí ẹléyín níwájú rẹ̀, ó lè jẹ́ gọ́tà oko lásán.

Ẹ wọn ọ́n kẹ́ ẹ tó fún un lórúkọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí RAF (ọmọ ogun òfurufú Bìrìtéènì) yà ní 1946, lẹ́ńsì íǹṣì 20 ni, láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16,600. Ẹ sọ gíga di íǹṣì (199,200), ẹ fi 20 pín in: 9,960, ìyẹn ni pé íǹṣì kan lórí àwòrán jẹ́ íǹṣì 9,960 lórí ilẹ̀. Ibi ìyìnbọn tó gùn ní mítà 6 á jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.6 lórí bébà, nítorí náà ó máa ṣòro láti fi ojú lásán rí i dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi í ṣe ni pé wọ́n ń gbàgbé pé látorí òkun ni wọ́n ti ka gíga yẹn. Bí ilẹ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, 9,360 ló máa jẹ́.

Àwọn kan sì máa ń sọ gbogbo nǹkan di ti Róòmù. Àgọ́ ìdánrawò Róòmù, bíi ti Llandrindod Common ní Wales, kéré, igun rẹ̀ sì rí roboto. Kò ní eyín. Òkìtì gbọọrọ tí àwọn pèpéle kéékèèké tò síwájú rẹ̀ ní yáàdì ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún, pápá ìbọn ni.

Àwòrán kan ò tó. Yàrà tí wọ́n ti dí kì í ní òjìji, àmọ́ nígbà ọ̀dá, ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ má sì torí àyẹ̀wò wọ ilẹ̀ ìdánrawò àwọn sójà tó wà ní Salisbury Plain, ní England, láìgba àṣẹ: wọ́n ṣì ń yìnbọn níbẹ̀, ọta tí kò tíì bú sì wà nínú ilẹ̀.